Ẹ Wo Ìdí Mọ́tò Yín Kí VIO Tó Wò Ó

(Ìlù ìfáàrà, ó rọlẹ̀. Ohùn ẹ́ńjìnì tó ń gun òkè, ó ń kérora.)

Ohùn tí ẹ gbọ́ yẹn, kò sí ọmọ Ìbàdàn tí kò mọ̀ ọ́n. Máíkírà ni, ó kó èrò, ó ń gun òkè Mápó bọ̀ láti Ọjà'ba. Ká ní a lè fi èéfín rẹ̀ ránṣẹ́ sórí rédíò bí a ṣe fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ ni, ẹ̀ bá ti fọwọ́ bo imú.

Ọ̀rọ̀ èéfín náà la mú wá lónìí. Mọ́tò tó ti lo ogún ọdún, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, tí olówó rẹ̀ ṣì ń fi jẹun, tí ìwé rodiwọ́ọ̀tì rẹ̀ sì ti fẹ́ kú, báwo ni onítọ̀hún ṣe lè yẹ èéfín rẹ̀ wò fúnra rẹ̀ nílé kó tó gbé e lọ síwájú àwọn VIO, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ mọ́tò wò? Mo sì fẹ́ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kí mọ́tò dàgbà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nínú àwọn mọ́tò àgbà tó ń rú èéfín nílùú yìí, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ohun tí a fọwọ́ ara wa yọ kúrò lára rẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Nǹkan méjì ni, a ó kàn wọ́n níwájú.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níwájú gbọ̀ngàn Mápó. Láti 1929 tí wọ́n ti ṣí gbọ̀ngàn yẹn, ohun gbogbo tó bá fẹ́ débẹ̀ ní láti gun òkè. Nísàlẹ̀ ni Ọjà'ba wà, àwọn ìyá wa jókòó sórí àpótí lẹ́bàá títì, igbá wọn wà nílẹ̀. Mọ́tò tó bá dúró síwájú wọn nínú gosílóò, ẹnu sáléńsà rẹ̀ ṣe déédéé igbá ata, ó sì ṣe déédéé imú ọmọ tí wọ́n gbé lẹ́sẹ̀. Ẹ tún wo àwọn ilé, láti Bẹẹrẹ dé Ìdí-Arẹ̀rẹ̀ dé Bẹ́yẹrunkà: òrùlé ń gun òrùlé, ògiri ń ti ògiri. Èéfín tó bá wọ àárín wọn kì í tètè rí ọ̀nà jáde.

Òfin ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn Road Safety ní ààyè fún un nínú ìwé ẹ̀ṣẹ̀ ojú títì wọn. Lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ESE, ẹ̀ṣẹ̀ èéfín àpọ̀jù. Ìjọba àpapọ̀ dá àjọ NESREA sílẹ̀ ní 2007 láti máa mójú tó àyíká, nígbà tó sì di 2011, wọ́n gbé ìlànà jáde lórí èéfín mọ́tò bẹntiróòlù àti ti dísù. Ní Èkó, àwọn ibùdó àyẹ̀wò mọ́tò LACVIS ń ti ọ̀pá ẹ̀rọ bọ ẹnu sáléńsà, ẹ̀rọ ló ń ka ohun tó jáde. Níbi púpọ̀ mìíràn, ojú àti imú òṣìṣẹ́ ni ẹ̀rọ. Á ní kí ẹ rési mọ́tò, á bojú wẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ohun tí ojú rẹ̀ máa rí níbẹ̀, ojú tiyín náà lè ti rí i tẹ́lẹ̀.

Ṣé ẹ mọ ibi tí Máíkírà wa ti wá? Èyí tó ní ojú róbótó yẹn, ní Sunderland nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Nissan ti ṣe é. Àwọn oníròyìn mọ́tò nílẹ̀ Yúróòpù fi jẹ Mọ́tò Ọdún 1993, òun sì ni mọ́tò ilé iṣẹ́ Japan àkọ́kọ́ tó gba oyè náà. Ọdún yẹn náà ni òfin Yúróòpù múlẹ̀ lórí èéfín mọ́tò tuntun, tí mọ́tò bẹntiróòlù kò fi lè jáde nílé iṣẹ́ mọ́ láìní kátálístì. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mọ́tò tó bá ti pé ọdún mẹ́ta á máa ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní MOT lọ́dọọdún. Jámánì àti Holland náà ní tiwọn. Nínú MOT, wọ́n á ti ọ̀pá bọ sáléńsà, wọ́n á mú ẹ́ńjìnì yí nǹkan bí 2,500 sí 3,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Mọ́tò tó bá ní kátálístì, gáàsì kàbọ́nù mónóksáìdì tó ń jáde kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, epo tí kò jó tán kò sì gbọ́dọ̀ ju 200 nínú mílíọ̀nù. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jáde láàárín 1986 sí 1992, tí kò ní kátálístì, ìdá 3.5 ni wọ́n fún láyè, epo tí kò jó sì lè dé 1,200.

Ẹ gbé 3.5 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 0.2. Kátálístì ló wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì. Máíkírà tó ń rú èéfín dúdú lórí òkè Mápó lónìí ti fi ìgbà kan ṣe àyẹ̀wò yẹn lókè òkun, ó sì yege lọ́dọọdún. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i lójú ọ̀nà?

Agolo irin kan ni kátálístì, lábẹ́ mọ́tò, láàárín ẹ́ńjìnì àti ìdí sáléńsà. Ẹ bá là á, ẹ ó rí ihò wẹẹrẹ wẹẹrẹ nínú rẹ̀ bí afárá oyin. Wọ́n fi èérún irin iyebíye bíi pílátínọ́ọ̀mù, paládíọ́ọ̀mù àti ródíọ́ọ̀mù ra ara ihò náà. Bó bá gbóná dé nǹkan bí 300 lórí òṣùwọ̀n Celsius, gáàsì olóró tó bá gba inú rẹ̀ kọjá á yí padà: kàbọ́nù mónóksáìdì á di kàbọ́nù dayọ́ksáìdì, epo tó ṣẹ́ kù á jó tán síbẹ̀. Nítorí irin iyebíye yẹn ni ẹ ṣe ń gbọ́ àwọn tó ń gbé gbohùngbohùn kiri àdúgbò pé àwọn ń ra kátálístì, àwọn ń ra bátìrì tó ti kú. Kátálístì tí wọ́n ń rà yẹn, ara mọ́tò ni wọ́n ti gé e.

Bó ṣe máa ń lọ nìyí. Mọ́tò kò fẹ́ fà mọ́, ó ń kọ́ lórí òkè. Onímọ́tò á gbé e lọ sọ́dọ̀ mekáníìkì.

"Alàgbà, nǹkan abẹ́ yìí ló ń fún un lọ́rùn. Òyìnbó ló nílò rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gé e, ká jó páìpù sí i, ẹ ó rí i bí yóò ṣe máa fò."

"Ọ̀gá, kò ní ṣe mọ́tò ní nǹkan?"

"Kí ni yóò ṣe é? Wọ́n tiẹ̀ máa rà á lọ́wọ́ yín, ẹ ó fi rówó epo."

Mọ́tò á sì fò lóòótọ́ o, fún ìgbà díẹ̀. Kátálístì a máa dí. Mi ò jiyàn ìyẹn. Àmọ́ kì í dédé dí. Ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnì ń jó, tàbí epo tó ń pọ̀ jù tó ń lọ jó nínú rẹ̀ títí ihò yẹn fi yọ́, ló ń pa á. Ẹni tó gé e dànù láìwá ohun tó pa á, àìsàn ṣì wà lára mọ́tò, ohun tó ń bo àìsàn náà mọ́lẹ̀ ló gbé tà.

Àwíjàre kan tún wà tí àwọn àgbà mekáníìkì fẹ́ràn, pé epo ilẹ̀ wa kì í bá kátálístì rẹ́. Nígbà kan rí, òótọ́ ni. Òjé wà nínú bẹntiróòlù wa, òjé a sì máa bo irin iyebíye yẹn pátápátá, ó parí fún un nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní 2001 ni àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà pàdé ní Dakar, wọ́n fẹnu kò pé àwọn ó yọ òjé kúrò nínú epo. Nígbà tí 2006 fi wọlé, ó ti kúrò káàkiri ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà. Algeria ló ṣe ìkẹyìn lágbàáyé, ní 2021. Imí-ọjọ́ ṣì wà nínú epo, ìyẹn ni ECOWAS fi pinnu ní 2020 pé kó má ṣe ju 50 nínú mílíọ̀nù lọ. Àmọ́ ẹni tó bá ṣì ń fi òjé ṣàwíjàre, ọ̀rọ̀ ogún ọdún sẹ́yìn ló ń sọ.

Kí n má di gbogbo ẹ̀bi ru mekáníìkì wa. Ní 2020, àwọn òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò ìjọba Holland yẹ àwọn mọ́tò àlòkù tó ń ti èbúté wọn lọ sí Áfíríkà wò. Wọ́n rí àwọn tí wọ́n ti yọ kátálístì wọn kí wọ́n tó kúrò ní Yúróòpù. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó ka owó. Bí ẹ bá rí páìpù gbọọrọ lásán níbi tó yẹ kí agolo wà, ẹ yọ ọ́ kúrò lára owó tí wọ́n pè.

Nǹkan kejì tí à ń yọ kéré débi pé ó lè wọnú àpò. Tẹ́mósítáàtì ni. Ilẹ̀kùn kékeré ni, ó wà lójú ọ̀nà omi tó ń lọ sí rédíétọ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá tutù, ó tì. Bí omi bá gbóná dé nǹkan bí 80 sí 90, á ṣí. Wọn á ní ilẹ̀ wa gbóná tó, kí la fẹ́ fi tẹ́mósítáàtì ṣe, á kúkú jẹ́ kí mọ́tò hó. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á dé ilé rẹ̀ padà. Omi tutù á wá máa ṣàn láìdúró, pàápàá bó bá jẹ́ pé wọ́n ti so fáànù mọ́ iná tààrà, tí kì í sinmi. Ẹ́ńjìnì kò ní gbóná dé ibi tó yẹ kó dé. Brain box mọ́tò tó ń lo nọ́súlù ń gba ìròyìn lọ́dọ̀ sẹ́ńsọ̀ omi. Bí sẹ́ńsọ̀ bá ní ó ṣì tutù, á rò pé àárọ̀ kùtùkùtù ni, á máa fi epo kún epo, láti Mápó dé Mọ́kọ́lá, láti Mọ́kọ́lá dé Bódìjà. Ibẹ̀ ni èéfín dúdú ti ń wá, ibẹ̀ náà ni owó epo ń gbà lọ. Lójú tèmi, kò sí ohun tí kò wọ́n tó tẹ́mósítáàtì tí yíyọ rẹ̀ sì ń ba mọ́tò wa jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí rédíétọ̀ bá ń hó, ẹ wá ìdí tó fi ń hó.

(Ìlù kékeré.)

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sídìí àyẹ̀wò. Ìta gbangba ni ká ti ṣe é. Mo mọ bí àwọn agboolé wa ṣe rí: ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró, mọ́tò wọ àárín ilé méjì, fèrèsé yàrá ìyá àgbà wà lókè ìdí mọ́tò gan-an. Ẹ má ṣe dáná sí mọ́tò níbẹ̀ kí ẹ máa wo èéfín. Kàbọ́nù mónóksáìdì kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ẹ̀jẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ ju atẹ́gùn tí à ń mí lọ ní ohun tó lé ní igba ìlọ́po. Òun náà ni jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí kọ́rídọ̀ fi ń pa odidi ẹbí mọ́jú. Ẹ ti mọ́tò jáde sí gbangba, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnì ti sùn mọ́jú. Kí ẹlòmíràn dáná sí i, kí ẹ̀yin dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn, kì í ṣe ọ̀gangan ẹnu sáléńsà. Bí èéfín funfun fẹ́ẹ́rẹ́ bá jáde, tí omi sì ń kán tó-tó-tó, ẹ má fòyà. Omi jẹ́ ara ohun tí epo ń dà bó bá jó: lítà bẹntiróòlù kan tó jó tán a máa bí omi tó súnmọ́ lítà kan. Ooru ló ń jáde yẹn, nígbà ọyẹ́ á tiẹ̀ pọ̀ sí i. Tí mọ́tò bá gbóná tán, ó yẹ kó pòórá. Èyí tí kò pòórá, tó ki, tó ń tẹ̀lé mọ́tò kiri lọ́sàn-án gangan, omi rédíétọ̀ ló ń wọ ibi tí epo ti ń jó, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Àwọn tó ń lo omi aláwọ̀ inú gálọ́ọ̀nù á gbóòórùn kan tó dùn díẹ̀ nínú èéfín náà. Ẹni tó jẹ́ pé píọ̀ wọ́tà ló ń já sínú rédíétọ̀ kò ní gbóòórùn kankan; kí ó sàmì sí ibi tí omi dé lálẹ́, kó wò ó láàárọ̀.

Bí ẹ́ńjìnì ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ lórí sílò, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ẹ ká àkísà tútù, ẹ fi dí ẹnu sáléńsà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré. Sáléńsà tó dá ṣáṣá á máa ti àkísà náà kúrò, ohùn ẹ́ńjìnì á sì fẹ́ kú. Bí ẹ bá gbọ́ sìì-sìì lábẹ́ mọ́tò, ó ti lu níbì kan. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò. Sáléńsà tó lu nítòsí ẹ́ńjìnì ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, sẹ́ńsọ̀ inú rẹ̀ á ka afẹ́fẹ́ yẹn, á sọ fún brain box pé epo kò tó, epo á sì tún lé sí i. Èyí tó lu lábẹ́ ìjókòó ń ti gáàsì sínú mọ́tò níbi tí èrò wà. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ìkìlọ̀ kàbọ́nù mónóksáìdì tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri ilé lè gbé e sórí ìjókòó ẹ̀yìn, kó ti gíláàsì, kó jẹ́ kí mọ́tò ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ wà níta. Bó bá ké, ọ̀rọ̀ ti di pàjáwìrì. Kí ó má gbé ẹ̀rọ náà sẹ́nu sáléńsà o, ohun tó ń jáde níbẹ̀ pọ̀ ju ohun tí wọ́n ṣe é fún lọ, yóò bà á jẹ́ ni.

Wàyí o, àyẹ̀wò tí mo fẹ́ràn jù, òkè Mápó fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, kò sì gba kọ́bọ̀. Èéfín búlúù la ń wá níbẹ̀, búlúù tó ń fi hàn pé ẹ́ńjìnì ń jẹ ọ́ìlì. Ẹ yan àárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ Sunday tí títì gbà yín. Ẹ mú ẹnì kan tó lójú, kó máa fi mọ́tò mìíràn tẹ̀lé yín, tàbí kó dúró sísàlẹ̀ níbi tí òkè ti ń tẹ́jú. Kí ẹ́ńjìnì ti gbóná dáadáa. Ní òkè níwájú gbọ̀ngàn, ẹ fi sí jíà kejì, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná pátápátá, kí jíà máa dì í mú bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ má fi sí fírì. Yàtọ̀ sí pé ó léwu, àyẹ̀wò náà kò ní jẹ́. Bí ẹ bá ti dé ibi tó tẹ́, ẹ tẹná lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹni tó wà lẹ́yìn lajú.

Bí búlúù bá tú jáde lẹ́ẹ̀kan péré, tó sì dáwọ́ dúró, síìlì fáàfù ló ti gbó. Ìdí ni pé bí mọ́tò ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ tí ẹ kò tẹná, ọ̀nà afẹ́fẹ́ tì, pístìnì sì ń fà kíkankíkan, kò rí nǹkan fà. Á wá máa fa ọ́ìlì gba ara ọ̀pá fáàfù wá sísàlẹ̀, díẹ̀ díẹ̀. Ọ́ìlì á kóra jọ síbẹ̀. Ẹ tẹná báyìí, gbogbo rẹ̀ á jó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wá yí mọ́tò padà, ẹ gun òkè náà tagbáratagbára. Bó bá jẹ́ pé ní gbogbo gígùn òkè ni búlúù ń jáde láìdánu dúró, ríìngì ni ọ̀ràn kàn.

Ẹ ò rí i pé owó wà nínú ìyàtọ̀ méjì yìí? Síìlì fáàfù, roba kéékèèké ni, mekáníìkì tó mọṣẹ́ lè pààrọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnì sọ̀ kalẹ̀. Ríìngì ní tirẹ̀, ẹ́ńjìnì á sọ̀, á di títú palẹ̀. Onímọ́tò tó ti mọ èyí tó ń ṣe é kò ní jókòó sórí báńṣì kí wọ́n máa sọ fún un pé kó lọ ra ẹ́ńjìnì mìíràn ní Aráròmí, ní Agodi Géètì.

Bí ẹ bá ń gun òkè tí dúdú ló ń jáde, epo ló pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Kílò bẹntiróòlù kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó tó kílò 14.7 kó tó lè jó geerege. Ẹ kọ́kọ́ yọ fílítà afẹ́fẹ́, ẹ gbé e sójú oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá là á kọjá, ẹ ti rí ọ̀kan nìyẹn, eruku Ìbàdàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe kékeré. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì wò bí ẹ́ńjìnì bá ti tutù. Ẹnu púlọ́ọ̀gì tó dára a máa ní àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣá díẹ̀. Bó bá dúdú tó gbẹ tó dà bíi pé wọ́n fi èédú ra á, epo ti pọ̀ jù. Bó bá tutù tó ń yọ̀, ọ́ìlì ni. Bó bá funfun tó ń lé wúruwùru, epo kò tó, ìyẹn sì ń dá ewu tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ tò wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tò sínú ẹ́ńjìnì: bí ọ̀kan péré bá yàtọ̀ sí àwọn yòókù, ojú kan náà ni kí ẹ wá àìsàn sí, nọ́súlù ibẹ̀ lè máa jò. Bí gbogbo wọn bá dúdú, ẹ bèèrè tẹ́mósítáàtì, ẹ bèèrè sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, ẹ bèèrè fílítà.

Àwọn mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996, àti ti bẹntiróòlù tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù láti 2001, ní ojú ihò kan lábẹ́ sítíárín tí ẹ lè ki ẹ̀rọ kékeré kan bọ̀, kó máa bá fóònù yín sọ̀rọ̀. Kóòdù P0420 ń sọ pé kátálístì kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. P0172 ní epo pọ̀ jù, P0171 ní kò tó. Ẹ̀rọ náà tún ń fi iye epo tí brain box ń fi kún un tàbí tó ń yọ hàn yín. Bó bá ti kọjá bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún síhà méjèèjì, nǹkan wà níbẹ̀. Ọgbọ́n kan wà tí àwọn rìwáyà ń ta, pé àwọn á pa kóòdù rẹ́ kí iná ẹ́ńjìnì lè kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná á kú lóòótọ́, àìsàn kò kú, iná náà á sì tún tàn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Níbi tí wọ́n ti ń ka ẹ̀rọ náà dáadáa lókè òkun, wọ́n á rí i pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á rẹ́ ni.

Èyí tó kù, ojú kò lè rí i. Mọ́tò lè má rú èéfín rárá, kí ẹnu sáléńsà rẹ̀ mọ́, kí kàbọ́nù mónóksáìdì tó ń jáde sì pọ̀ kọjá ààlà. Bí ẹ́ńjìnì tiẹ̀ ń jó epo rẹ̀ dáadáa, bí kò bá ti ní kátálístì, kò dájú pé ó lè dé ìdá 0.2 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ní kátálístì, tí ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì ń mí, ẹ wá tẹ̀mómítà tí wọ́n ń na sí nǹkan láìfọwọ́ kàn án. Ẹ wa mọ́tò fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ wọn ẹnu ọ̀nà kátálístì, kí ẹ wọn ibi tó ti jáde. Bí ẹ̀yìn bá gbóná díẹ̀ ju iwájú lọ, ó ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀yìn bá fi púpọ̀ tutù jù, ó ṣeé ṣe kó ti kú, tàbí kí ẹnì kan ti gún inú rẹ̀ dànù kó sì jó agolo padà. Ẹ lè fọwọ́ gbá a nígbà tó bá tutù: kátálístì tó ti fọ́ nínú á máa dún ṣaka-ṣaka.

Ti dísù yàtọ̀, ọjọ́ mìíràn la ó sọ ọ́. Kí n kàn sọ fún ẹ̀yin ẹlẹ́rù pé bí dúdú bá ń tú jáde ní gbogbo gígùn òkè, fílítà afẹ́fẹ́ àti nọ́súlù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó fọwọ́ kan pọ́ńpù.

Àtúnṣe wá ńkọ́? Èyí tí kò wọ́n ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ọ́ìlì tuntun àti fílítà rẹ̀, fílítà afẹ́fẹ́, púlọ́ọ̀gì, tẹ́mósítáàtì tó bá ẹ́ńjìnì mu. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ló ń tibẹ̀ gba ìlera. Bó bá ṣẹ́ kù, kí ẹ wá gbọ́ ti sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn àti nọ́súlù. Kátálístì ni ìkẹyìn, nítorí ẹni tó bá gbé tuntun sára ẹ́ńjìnì tó ṣì ń jẹ ọ́ìlì ti sun owó níná. Àwọn kan á ní kí ẹ da ọ́ìlì tó ki gan-an sí i láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò kí búlúù lè dínkù. Ó lè dínkù títí ẹ ó fi kúrò lọ́dọ̀ VIO. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹnu sáléńsà á ti sọ òótọ́ fún gbogbo Ọjà'ba.

Ní ọjọ́ àyẹ̀wò gan-an, ẹ má ṣe gbé mọ́tò tó tutù débẹ̀. Ẹ gba ọ̀nà tó jìn díẹ̀, ẹ rìn ín bí ogún ìṣẹ́jú, kí omi gbóná, kí kátálístì gbóná. Bí ìlà bá gùn, tí ẹ sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa wà lórí sílò fún ìgbà pípẹ́, kátálístì á tún bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, púlọ́ọ̀gì á sì máa gba ẹ̀gbin. Ẹ pa á. Bó bá ku mọ́tò méjì tàbí mẹ́ta níwájú yín, kí ẹ dáná sí i, kí ẹ rési rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ ní ìgbà díẹ̀. Kí ẹ ti pa ẹ́síì, kí ẹ ti pa iná ńlá. Bí òṣìṣẹ́ bá ní kí ẹ rési, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kó gòkè, ẹ má gbá a mọ́lẹ̀ lójijì.

Bí wọ́n bá dá a padà, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n rí lọ́wọ́ wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, àwọ̀ wo, ìgbà wo ló jáde, kí ẹ sì sọ ọ́ fún mekáníìkì bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

(Ìlù gòkè, ó parí.)